Ẹ-Jókòó-Ná àti Ọmọ Tó Ní Ọ̀rẹ́ Kan

Bí ẹ bá dé kọ́lẹ́ẹ̀jì náà tí ẹ fi orúkọ tí bàbá obìnrin yìí sọ ọ́ bèèrè rẹ̀, ẹ ó rìn títí ẹsẹ̀ yín yóò fi wú. Kò sẹ́ni tó mọ orúkọ yẹn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ní Ẹ-Jókòó-Ná lẹ ń wá, ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì á ti máa nawọ́ kí ẹ tó parí ọ̀rọ̀: ẹ kọjá níwájú ilé ìkàwé, ẹ gun àtẹ̀gùn, ẹ tẹ̀lé ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí iná rẹ̀ máa ń ṣẹ́jú, ilẹ̀kùn tí bẹ́ǹṣì gígùn kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni.

Ohun tó máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wọlé ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ìbáà jẹ́ ọmọ tó fìdí rẹmi nínú ìdánwò, ìbáà jẹ́ èyí tí owó ilé ìwé rẹ̀ kò pé, ìbáà jẹ́ èyí tí ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ já jù sílẹ̀ tó ní ayé ti parí, kí ó tó la ẹnu, obìnrin náà á ti ní, "Ẹ jókòó ná." Ọ̀gá àgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì fúnra rẹ̀ fi ìbínú já wọ ibẹ̀ nígbà kan, obìnrin náà ní, "Ẹ jókòó ná," ọ̀gá sì jókòó kí ó tó rántí pé ìjà lòun bá wá. Kò ráyè jà mọ́. Ta ló ń jókòó jà? Àwọn kan tilẹ̀ máa ń bi obìnrin náà pé kí ló dé tó ń fi "ẹ" pe ọmọ tó lè bí. Ó ní ẹni tó gbé ìtìjú rẹ̀ wá bá òun, òun ò ní tún fojú kékeré wò ó.

Kì í ṣe iṣẹ́ yìí ló bá dé ibẹ̀. Atẹ̀wé ni tẹ́lẹ̀, ní ọ́fíìsì ìdánwò. Ọdọọdún ni wọ́n máa ń ní kó tẹ orúkọ àwọn tó ti fi ilé ìwé sílẹ̀. Á tẹ̀ ẹ́, á sì bèèrè pé níbo ni wọ́n lọ. Wọ́n á ní kó tẹ̀wé, kó yé bèèrè. Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn. Bí ẹnì kan bá sọnù nínú agboolé, ṣé a kì í bèèrè ni? Nígbà tí kọ́lẹ́ẹ̀jì dá ọ́fíìsì ìrànlọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀, wọ́n gba àwọn oníwèé gígùn síbẹ̀, ṣùgbọ́n yàrá náà kéré, ẹkún ibẹ̀ pọ̀, kò sí èyí tó pẹ́ nínú wọn. Wọ́n wá ní kí atẹ̀wé bá àwọn di ibẹ̀ mú ná, títí àwọn yóò fi rí ẹlòmíràn. Wọ́n ṣì ń wá ẹlòmíràn náà di òní.

Iṣẹ́ náà sì ju ohun tí wọ́n kọ sára ilẹ̀kùn lọ. Á bá ọ̀kan yan ẹ̀kọ́ tí agbára rẹ̀ ká, á bá òmíràn bẹ àwọn tó ń pín owó ìrànwọ́, á mú ẹ̀kẹta lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì, ẹ̀kẹrin tí kò rí ohun kan sọ, á gbé kẹ́túlù kaná fún un, á ṣí agolo bísíkíìtì síwájú rẹ̀, wọ́n á jọ máa wo ara wọn. Àga méjì péré ló wà nínú yàrá náà, tirẹ̀ àti ti àlejò. Òfin rẹ̀ ni pé ẹnì kan ló ń wọlé lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá sin ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá, orí bẹ́ǹṣì níta ni ààyè rẹ̀. Ó ní ọmọ tí ẹlòmíràn bá jókòó tì kì í sọ òótọ́ tán.

Ó tún ní ìmọ̀ kan tó fi ń yangàn, kò sì sí ẹni tó bá a jiyàn rẹ̀ rí. Ọmọ tí ebi ń pa kì í sọ pé ebi ń pa òun. Á ní, "Mà, ọ̀rẹ́ mi kan ni ebi ń pa." Èyí tí ọkàn rẹ̀ dàrú á ní ọkàn ọ̀rẹ́ òun kan dàrú. Ẹ-Jókòó-Ná mọ̀ pé ọ̀rẹ́ náà ló jókòó síwájú òun yẹn, tó ń fi èékánná họ etí tábìlì. Kò sì jẹ́ ṣí aṣọ lójú rẹ̀. Ọ̀rẹ́ náà lòun náà á máa bèèrè: ọ̀rẹ́ yín ńkọ́, ṣé ọ̀rẹ́ yín ti jẹun, ẹ sọ fún ọ̀rẹ́ yín kó lọ rí olùkọ́ rẹ̀. Wọ́n á máa bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí di ọjọ́ tí ọmọ náà yóò wolẹ̀, tí yóò ní, "Mà, èmi gan-an ni." Kò tíì tàsé rí, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà sì ti bẹ̀rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni ọmọbìnrin gíga kan wọlé, ó lo awò ojú tó fẹ̀ ju ojú rẹ̀ lọ. Aláwò ni obìnrin náà ń pè é nínú ọkàn rẹ̀, ẹ jẹ́ kí àwa náà máa pè é bẹ́ẹ̀. Òun àti ọmọbìnrin kékeré kan ni wọ́n jọ wá, èyí wọ súwẹ́tà nínú ooru, ó fa apá rẹ̀ bo ọwọ́ méjèèjì. Ẹ-Jókòó-Ná nawọ́ bẹ́ǹṣì sí ẹlẹ́wù òtútù, ó mú Aláwò wọlé, ó ní kó jókòó ná.

"Mà," ni Aláwò wí, "nítorí ọ̀rẹ́ mi kan ni mo ṣe wá."

Obìnrin náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé ẹ̀hẹ́n, àwọn ọ̀rẹ́ ti tún dé.

Gẹ́gẹ́ bí Aláwò ṣe rò ó, ọ̀rẹ́ náà kì í jẹun, kì í sùn, kì í dé kíláàsì mọ́. Bó bá jí, ògiri ló máa ń kọjú sí. Bí wọ́n bá bi í, á ní kò sí nǹkan. Bí Aláwò ṣe ń rò ó lọ, bẹ́ẹ̀ ló ń jẹ bísíkíìtì. Ó jẹ kan, ó jẹ èkejì, ó tún yọjú wo ìsàlẹ̀ agolo. Ẹ-Jókòó-Ná ń wò ó. Ó ní ẹni tí kì í jẹun rèé? Ó tún dá ara rẹ̀ lóhùn pé ebi ọjọ́ pípẹ́ ló ń jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, kó fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀.

Nígbà tó sìn ín jáde, ó rí ẹlẹ́wù òtútù lórí bẹ́ǹṣì, ó ṣì jókòó bó ṣe fi í sílẹ̀. Ọmọ náà wù ú. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀, ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kí Aláwò má baà gbọ́. "Ẹ kú ìtọ́jú ọ̀rẹ́ yín o. Ẹ má fi í sílẹ̀. Ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀, ẹ má jẹ́ kó dá wà."

Ọmọ náà gbójú sókè wò ó bí ẹni tí wọ́n ṣàdédé gbé ìkókó lé lọ́wọ́. Ó ní, "Mo ti gbọ́, mà."

Láti ìgbà náà, ọ̀sẹ̀ kan kò kọjá kí àwọn méjèèjì má wá. Aláwò á wọlé, ẹlẹ́wù òtútù á jókòó síta. Bí wọ́n bá ń lọ, Ẹ-Jókòó-Ná á tún kí ẹlẹ́wù òtútù kú ìtọ́jú, á tún bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ńkọ́, ọmọ náà á sì ní ó wà níbẹ̀, mà. Ó máa ń sọ nílé pé bí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ bá ní irú ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀, kí kọ́lẹ́ẹ̀jì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òun, òun ò ní bínú.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Aláwò bẹ̀rẹ̀ sí í tojú sú u. Ó lọ bá olùkọ́ rẹ̀, ó fi ọgbọ́n bèèrè bí ọmọ náà ṣe ń ṣe sí. Olùkọ́ ní kí ló dé, ṣé wọ́n fẹ́ fún un ní ẹ̀bùn ni, nítorí òun ló ń ṣáájú kíláàsì. Obìnrin náà ní, kíláàsì tí kì í dé ńkọ́? Olùkọ́ ní àga iwájú ló máa ń jókòó sí, ó ń bèèrè ìbéèrè títí ó fi ń sú àwọn yòókù. Obìnrin náà mú Aláwò lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì wo ojú rẹ̀, ó wo ahọ́n rẹ̀, ó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ní ara ọmọ náà le ju ti òun lọ. Aláwò jẹ́ kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ náà láìjanpata. Ẹ̀yìn ìgbà náà ló tó sọ pé òun rò pé ohun tí wọ́n máa ń ṣe fún ẹni tó bá sún mọ́ aláìsàn nìyẹn. Ẹ̀yin ò rí i? Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni, kì í bá àgbà jiyàn, ìyẹn náà sì dá kún ọ̀ràn.

Ó kù sí ọ̀dọ̀ ọkùnrin tó ń bójú tó owó ìrànwọ́. Ẹ-Mú-Ẹ̀rí-Wá ni àwọn ọmọ ń pè é, nítorí bí ilé bá ń jó tí ẹ sáré lọ sọ fún un, ẹ̀rí ni yóò kọ́kọ́ bèèrè. Ó yẹ orúkọ Aláwò wò nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ṣé ọmọ yìí ni wọ́n ń tọrọ fún? Bàbá rẹ̀ ti san gbogbo owó rẹ̀ kí ilé ìwé tó wọlé. Ẹ-Jókòó-Ná ní ṣé owó bàbá ló ń wo ọkàn sàn. Ọkùnrin náà ní kó mú ẹ̀rí wá. Wọ́n fà á títí, àfìgbà tí obìnrin náà gba káàdì oúnjẹ kan lọ́wọ́ rẹ̀ tipátipá, irú èyí tí wọ́n fi ń jẹun lọ́fẹ̀ẹ́ nílé oúnjẹ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Orúkọ Aláwò ni wọ́n tẹ̀ sí i. Aláwò gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ó ní ọ̀rẹ́ òun á dúpẹ́ gan-an. Obìnrin náà ní òun mọ̀ pé á dúpẹ́, ó sì ṣẹ́jú sí i. Aláwò kò mọ ìdí tí àgbà fi ń ṣẹ́jú sí òun, ṣùgbọ́n òun náà ṣẹ́jú padà.

Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ju èje lọ. Ẹ-Jókòó-Ná gbà pé ohun tí ọmọ náà gbé pamọ́ jinlẹ̀ gan-an ni kò ṣe hàn níta. Ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín, tó ń jẹun, tó ń gba ipò kìíní, tó sì ń wí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ pé òun ò jẹun, òun ò sùn. Ó ka ìwé, kò rí i níbẹ̀. Ó bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ rẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì mìíràn, àwọn náà ní háà. Ọ̀rọ̀ náà kó o sí ṣìbáṣìbo dé ibi pé ó bu ṣúgà sọ́bẹ̀ nílé.

Ọkọ rẹ̀, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, tọ́ ọbẹ̀ náà wò, ó gbé ṣíbí sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Ó ní ta lọmọ tó tún dé báyìí. Ìyàwó rẹ̀ rò ó fún un. Ọkùnrin náà ronú díẹ̀, ó ní ṣé ó ti bi ọmọ náà pé ta ni ọ̀rẹ́ ọ̀hún. Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí a fi ń dá ẹni tí kò gbọ́ iṣẹ́ lóhùn.

"Nígbà tí mò ń wakọ̀," ni ọkọ rẹ̀ wí, "bí èrò bá sọ fún mi pé ẹnì kan ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn, kí n dúró, irọ́ ni wọ́n sábà máa ń pa. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, ẹnì kan ń bọ̀ lóòótọ́."

Inú bí obìnrin náà. Ó ní kó jẹ ọbẹ̀ rẹ̀, pé bọ́ọ̀sì kọ́ ni èèyàn. Ọkọ rẹ̀ fà á jẹ pẹ̀lú ṣúgà inú rẹ̀, kò tún sọ nǹkan kan mọ́. Mo fẹ́ kí ẹ rántí pé wọ́n sọ fún un o. Wọ́n sọ fún un.

Ohun tó wá ṣe tẹ̀ lé e ni mo fẹ́ bá a jà lé lórí. Ó pinnu pé ariwo inú họ́sítẹ́ẹ̀lì ni kò jẹ́ kí ọkàn Aláwò balẹ̀. Ó bá a wá yàrá ẹlẹ́nìkan ní ilé ẹ̀yìn pápá, níbi tí ẹyẹ nìkan ti ń ké. Ó pè é, ó ní kó kó ẹrù rẹ̀ lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Aláwò dúró, ó yọ awò rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú. Ó bèèrè pé, ọ̀rẹ́ òun ńkọ́, mà? Obìnrin náà ní, "Ìyẹn náà ló máa jẹ́ kí ọ̀rẹ́ yín rí ìsinmi." Aláwò ní kò burú. Ó lérò pé àgbà tó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí bọ̀ ọjọ́ pípẹ́ mọ ohun tó ń ṣe. Ó kó ẹrù rẹ̀. Ẹ-Jókòó-Ná sùn dáadáa ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, ó ní òun ti ṣe é.

Nígbà tí Aláwò tún máa wá, òun nìkan ló wá. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò ni. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì náà, akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ ló ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ forúkọ sílẹ̀, ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n sì máa ń ti ilẹ̀kùn. Ẹni tí kò bá ṣe é, àyè rẹ̀ bọ́ nìyẹn fún odidi ọdún kan, owó ìrànwọ́ rẹ̀ sì bá a lọ. Ọjọ́bọ̀ ni Aláwò wá. Kò mú bísíkíìtì.

Ó ní ọ̀rẹ́ òun ò tíì forúkọ sílẹ̀. Ó ní ọ̀rẹ́ náà ní òun ń lọ. Òun bi í pé níbo, ọ̀rẹ́ náà ní òun ò mọ̀.

Ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn yẹn ba Ẹ-Jókòó-Ná lẹ́rù. Ó kọjú sí kọ̀ǹpútà, ó tẹ orúkọ Aláwò. Orúkọ náà wà níbẹ̀ gbangba, ó ti forúkọ sílẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn. Ó wo kọ̀ǹpútà, ó wo ọmọ, ó tún wo kọ̀ǹpútà. Orí rẹ̀ dàrú pátápátá. Ó ní àbí ọmọ yìí ò mọ ohun tó ń ṣe mọ́ ni? Àbí òun gan-an ni?

"Àti ọjọ́ tí ẹ ti ní kí n kó kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, mà," ni Aláwò ń wí lọ, "kò jáde mọ́. Mo kan ilẹ̀kùn láàárọ̀, ó ní kí n máa lọ síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú mi."

"Kúrò lọ́dọ̀ ta ni?"

"Lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi."

Obìnrin náà kò tíì fi ojú ọ̀rọ̀ yìí han ọmọ kankan rí. Òfin rẹ̀ ni. Ó wá rú òfin náà ní ohùn jẹ́jẹ́. "Ọmọ mi, ṣé ìwọ kọ́ ni ọ̀rẹ́ náà?"

Aláwò wò ó bí a ṣe ń wo màmá àgbà tó gbé bàtà sínú àpótí oúnjẹ. "Èmi kẹ̀, mà? Èmi ni mò ń bá yín sọ̀rọ̀."

"Ta wá ni?"

"Ẹni tó máa ń jókòó síta ni. Ẹ máa ń kí i."

Ẹ-Jókòó-Ná dìde, ó ṣí ilẹ̀kùn. Bẹ́ǹṣì wà níbẹ̀, òfìfo. Ibi tí ọmọ náà máa ń jókòó sí, létí ògiri, ti ń dán. Ó dúró, ó ń wo ibẹ̀. Gbogbo ohun tó ti ṣe ń yí lójú rẹ̀ kọ̀ọ̀kan: nọ́ọ̀sì, káàdì, yàrá ẹ̀yìn pápá. Ẹni tí a ní kó fẹ́ ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Ó ti mú ẹnì kan ṣoṣo tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ náà kúrò, ó sì ti fọwọ́ ara rẹ̀ fi ilẹ̀kùn sé e mọ́lé.

Ó lọ, pẹ̀lú sálúbàtà inú ọ́fíìsì lẹ́sẹ̀. Kò tilẹ̀ tilẹ̀kùn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yà fún un lórí àtẹ̀gùn, wọn kò rí i kó sáré rí. Aláwò ń sá tẹ̀ lé e, awò rẹ̀ ń fò lórí imú. Wọ́n gba àárín pápá kọjá, wọ́n wọ họ́sítẹ́ẹ̀lì, wọ́n kọjá lára àwọn aṣọ tútù tí wọ́n sá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti àwọn báàfù tí wọ́n tò sẹ́nu ọ̀nà ilé ìwẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ilẹ̀kùn, ẹnu obìnrin náà ti là láti sọ fún Aláwò pé kó dúró síta. Ó pa á dé. Ó ní, "Wọlé. Jẹ́ ká jọ wọlé."

Ọmọ náà ṣí i fún wọn. Ó wọ súwẹ́tà rẹ̀. Ẹ̀rù ba Ẹ-Jókòó-Ná nígbà tó rí bí yàrá náà ṣe mọ́ tó, wọ́n ti gbá gbogbo kọ̀rọ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì kan ṣófo, bẹ́ẹ̀dì kejì wà ní títẹ́, báàgì kan sì wà lórí rẹ̀ tó ti di ẹrù tán, síìpù rẹ̀ wà ní pípadé. Lórí tábìlì ni káàdì oúnjẹ wà. Ọmọ náà mú un, ó nà án sí Aláwò. Ó ní ó gbàgbé rẹ̀ sọ́dọ̀ òun, orúkọ rẹ̀ ló wà lára rẹ̀, òun ò lè fi orúkọ ẹlòmíràn jẹun.

Obìnrin náà fẹ́ sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ kò wá. Ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ tu gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì lójú. Ọmọ náà wò ó, àánú rẹ̀ ṣe é, ó fọwọ́ lu etí bẹ́ẹ̀dì òfìfo náà.

"Ẹ jókòó ná, mà."

Ó jókòó.

"Ṣé ara rẹ̀ ti wá yá báyìí?" ni ọmọ náà bèèrè.

"Ara ta ni?"

Ó fi ojú tọ́ka sí Aláwò. "Tirẹ̀. Mo ti di ẹrù mi lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ mú mi wá sọ́dọ̀ yín, mà. Mo fẹ́ lọ lálẹ́ ọjọ́ náà ni. Mo kàn sìn ín wá nítorí ó bẹ̀ mí. Ẹ wá jáde, ẹ ní kí n má fi í sílẹ̀, kí n má jẹ́ kó dá wà. Mi ò mọ̀ pé nǹkan ń ṣe é. Mo padà délé, mo tú ẹrù. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ lẹ ń rán mi létí. Mo ní bí mo bá lọ, ta ni yóò dúró tì í? Ẹ wá mú un lọ síbi tó dáa. Mo ní, ó dáa bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ mi ti parí."

Aláwò ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bọ́ awò, ó ń sunkún láìbojú. Ó ní òun rò pé òun lòun ń tọ́jú rẹ̀. Ẹlẹ́wù òtútù ní, òun náà rò bẹ́ẹ̀.

Ẹ-Jókòó-Ná kò mọ̀ bóyá kó dúpẹ́ tàbí kó kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀. Àṣìṣe rẹ̀ ló dá ọmọ náà dúró, àṣìṣe rẹ̀ náà ló sì fẹ́ lé e lọ. Èwo ni kó mú níbẹ̀? Ó fi gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, ó bèèrè ohun kan ṣoṣo.

"Ìwọ ńkọ́, ọmọ mi?"

Ọmọ náà fa apá súwẹ́tà rẹ̀ bo ọwọ́.

"Ẹ ò bi mí rí, mà."

Ó wá sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Ìyá rẹ̀, tó dá a tọ́, ti kú nígbà ìsinmi. Ó padà sílé ìwé bí ẹni pé kò sí nǹkan, kò sọ fún ẹnikẹ́ni, kódà kò sọ fún Aláwò tí wọ́n jọ ń gbé. Ìyá yẹn ló máa ń fọwọ́ sí ìwé owó ìrànwọ́ rẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò fọwọ́ sí i mọ́, bẹ́ẹ̀ ni owó náà ṣe dúró. Ó ní gbogbo ìgbà tí òun bá ṣí ìwé, ohùn ìyá òun lòun ń gbọ́ tó ń bèèrè pé, ṣé o ti jẹun? Obìnrin náà fà á mọ́ra. Kò sọ pé kó má sunkún. Nọ́ọ̀sì wá síbẹ̀, ó bá a sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, Aláwò sì kó ẹrù rẹ̀ padà kí ilẹ̀ tó ṣú, kò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lọ́tẹ̀ yìí.

Ọjọ́ Ẹtì ló kù. Wọ́n jọ lọ sọ́dọ̀ Ẹ-Mú-Ẹ̀rí-Wá láti tún owó ìrànwọ́ ọmọ náà ṣí kí ó lè forúkọ sílẹ̀. Ọkùnrin náà ní ó káàánú, ṣùgbọ́n níbo ni ẹ̀rí wà pé ọmọ yìí ti ń wá ìrànlọ́wọ́ láti ìgbà yìí? Ẹ-Jókòó-Ná mọ̀ pé kò sí. Gbogbo ohun tó kọ sílẹ̀ láti ìgbà náà, orúkọ Aláwò ló kọ síbẹ̀. Nínú ìwé kọ́lẹ́ẹ̀jì, ẹni tó jókòó síta kò tíì wá rí.

Ó gba bírò lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Níwájú rẹ̀ níbẹ̀, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ yìí ń wá sẹ́nu ilẹ̀kùn òun lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, òun ń rí i, òun ń kí i, òun ò sì bi í. Pé ìrànlọ́wọ́ tó tọ́ sí i, òun gbé e fún ẹlòmíràn. Ó fọwọ́ sí i, ó ní kó gbé e lọ fún ọ̀gá àgbà bó bá fẹ́. "Ẹ̀rí nìyẹn," ló wí. Ẹ-Mú-Ẹ̀rí-Wá kà á, ó tún un kà, ó wo obìnrin náà lókè awò rẹ̀. Ó ní òun ò rí irú ẹ̀rí yìí rí. Ó sì tẹ̀ ẹ́ síbi tó yẹ nínú kọ̀ǹpútà, ó ṣí owó náà padà. Wọ́n bá ọmọ náà yọ ẹ̀kọ́ méjì kúrò kí ẹrù ìdánwò rẹ̀ lè fúyẹ́, ó sì lọ forúkọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, Aláwò ń dì í lọ́wọ́ mú bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ rìn.

Ọ̀gá àgbà ránṣẹ́ pe Ẹ-Jókòó-Ná nítorí ìwé náà. Ó bá a wí, obìnrin náà sì gbọ́ ìbáwí rẹ̀ lórí ìdúró. Nílé, ọkọ rẹ̀ bi í pé ṣé ó gba ọmọ náà là ni àbí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ó ní kó má bi òun, òun ò mọ̀, òun ti rò ó títí. Ọkùnrin náà kò sọ pé òun ti sọ tẹ́lẹ̀. Ẹ bá mi kí i, kò rọrùn.

Wọn kò gbé bẹ́ǹṣì náà wọlé, yàrá ò gbà á. Ṣùgbọ́n kí obìnrin náà tó pe ẹnikẹ́ni wọlé nísinsìnyí, òun fúnra rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ jáde. Ní ọjọ́ kan, ó bá ọmọkùnrin kan níbẹ̀, ó di báàgì ẹlòmíràn mú lórí itan. Ọmọkùnrin náà rí i tó ń bọ̀, ó tètè dìde, ó ní, "Mà, èmi kàn sin ọ̀rẹ́ mi wá ni."

"Mo gbọ́," ni Ẹ-Jókòó-Ná wí. "Jókòó. Sún díẹ̀ fún mi."